Ọjọ́ Kan Gbáko Lórí Silver River: Bí A Ṣe Ń Wa Káyáàkì Láti Wo Ẹranko

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ya ẹni tó bá gbé káyáàkì, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù, sórí Silver River lẹ́nu ni pé kò rí omi. Ilẹ̀ ló rí. Ó rí iyanrìn funfun, ó rí koríko gígùn tó ń mì síwá sẹ́yìn, ó rí ẹja àti òjìji ẹja lábẹ́ rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá ki àjẹ̀ bọlẹ̀ tí àjẹ̀ kò kan nǹkan kan kó tó mọ̀ pé omi tó jìn ju gíga òun lọ ló wà láàrin òun àti gbogbo ohun tí òun ń wò.

Odò náà kò gùn. Nǹkan bí máìlì 5 péré ni, láti orísun rẹ̀ ní Silver Springs, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ocala ní ìpínlẹ̀ Florida, títí dé ibi tó ti wọ inú odò Ocklawaha. Ẹni tó bá fi agbára tukọ̀ lè parí rẹ̀ ní wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Apá ro mí, ìròyìn ìjàpá odò méjì ni mo sì mú délé. Nígbà kejì, mo bá ìyá àgbàlagbà kan níbi tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi, tó gbé àjẹ̀ lé itan, tí kò ṣe nǹkan kan. Mo kí wọn, wọ́n fi ìka kan ètè. Kí n tó ronú ohun tó fa ìyẹn, ẹranko onírun dúdú kan tó ní ìrù gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní otter, yọ láti inú omi pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gun ìtì igi tó wà níwájú wa, wọ́n gbọn omi ara wọn dànù, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń wa odò yìí padà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí a ṣe ń fi odidi ọjọ́ kan rin ìrìn máìlì díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tí ẹ fẹ́ wọ̀

Òjò tó bá rọ̀ sí àárín gbùngbùn Florida kì í pẹ́ lójú ilẹ̀. Iyanrìn ló wà lókè, òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀. Bí omi òjò ti ń gba inú afẹ́fẹ́ àti inú ilẹ̀ kọjá, ó ń gba gáàsì kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáídì mọ́ra, ó sì ń kan díẹ̀díẹ̀. Kíkan yẹn ló ń jẹ òkúta ẹfun náà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, títí inú rẹ̀ fi di ihò àti ọ̀nà bí ilé ìkan. Omi kún inú àwọn ihò yìí fọ́fọ́, omi tuntun sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ibi tí òkúta bá ti là, ibẹ̀ ni omi á gbà tú jáde. Ìsun nìyẹn. Florida ní ju ẹgbẹ̀rún kan ìsun lọ. Àwọn tó tóbi jù láàrin wọn, tí wọ́n ń pè ní ìpele àkọ́kọ́, ni àwọn tó ń tú ó kéré tán gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 64 jáde lójúmọ́. Silver Springs wà lára wọn, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jùlọ.

Ohun mẹ́ta ni ìtàn òkúta yìí sọ fún ẹni tó fẹ́ tukọ̀. Èkíní, ìgbóná omi náà kì í yí padà: nǹkan bí ìwọ̀n 72 Fahrenheit ni, ìyẹn 22 Celsius, tọdún tọdún. Nígbà ooru ó tutù lára. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, omi gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ìkùukùu á sì máa fẹ̀ lójú odò bí èéfín. Èkejì, òkúta àti iyanrìn ti sẹ́ omi náà kó tó jáde, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ gaara. Ẹ rántí pé bí ẹ ṣe ń rí ẹja, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja ń rí yín. Ẹ̀kẹta, omi tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í ru gùdù bí odò òkè. Ó ń ṣàn jẹ́jẹ́, kò ní òkìtì, kò ní ìdàrúdàpọ̀. Ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí láyé lè bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ọjọ́ wo, àkókò wo

Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, Silver Springs State Park, ló yí odò náà ká. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni wọ́n ń tì, lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Ó tó ìrìn wákàtí kan àbọ̀ nínú mọ́tò láti Orlando. Tí ẹ kò bá ní káyáàkì tiyín, wọ́n ń yáni lọ́kọ̀ nínú ọgbà náà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, nítorí ọkọ̀ máa ń tán lọ́jọ́ ìsinmi.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, bí ààyè bá gbà yín. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ máa ń pọ̀, ariwo á sì ti ṣáájú yín dé ìkọ̀rọ̀ gbogbo. Ní ti oṣù, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ooru ti rọlẹ̀, ẹ̀fọn ti dínkù, àwọn igi kan ti gbọn ewé tí ojú fi lè wọnú igbó, àwọn ìjàpá sì ń jókòó sóòrùn pẹ́ nítorí òtútù àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́ ló yẹ kó dúró di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò alárá sábà máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sán, Florida sì wà lára ibi tí mànàmáná ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá máa lọ lákòókò yẹn, ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ sì ti kúrò lórí omi kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ gba èbúté tó súnmọ́ yín jùlọ lọ. Ẹ má padà sórí omi títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kù sán kẹ́yìn.

Ẹrù

Ẹ̀wù ìlefòó ló ṣáájú. Òfin sọ pé kí ọ̀kan tó bá ara mu wà nínú ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sọ́rùn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kì í ṣe kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ò gbà kí àgbà náà bọ́ ọ. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó bá yín mu nìyí: ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíì wá di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù. Ẹ so fèrè kan mọ́ ọn láyà, nítorí òfin tún ní kí ohun tó lè dún wà nínú ọkọ̀, ohùn èèyàn kì í sì í lọ jìnnà nínú igbó bíi ti fèrè.

Omi mímu lítà méjì fún ẹnì kan kò pọ̀ jù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ alápá gígùn dára ju kí ẹ máa kun ìpara oòrùn léraléra, ìpara náà sì máa ń wọnú omi. Tí ẹ bá máa kùn ún, ẹ ti kùn ún nílé. Ẹ dé akẹtẹ̀ tó ní etí fífẹ̀, kí okùn rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má wọ aṣọ pupa tàbí funfun tó ń kọ mọ̀nà. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ló dára lójú ẹyẹ. Foonu, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àti aṣọ ìpààrọ̀ kan, ẹ kó wọn sínú àpò tí omi kì í wọ̀, kí ẹ so àpò náà mọ́ ọkọ̀.

Ohun méjì ló ń yí ọjọ́ náà padà fún ẹni tó fẹ́ wo ẹranko, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í mú wọn dání. Ọ̀kan ni jígí ojú dúdú irú èyí tó ń pa dídán ojú omi, tí wọ́n ń pè ní polarized. Láìsí i, ọ̀run nìkan ni ẹ óò máa rí lójú omi nígbà tí oòrùn bá ti gòkè. Ìkejì ni awò olójú méjì tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni. Èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 7 tàbí 8 ti tó. Èyí tó bá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní dúró lójú kan nínú ọkọ̀ tó ń mì.

Kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ óò dé.

Wíwọ ọkọ̀ àti dídi àjẹ̀ mú

Oríṣi káyáàkì méjì ni ẹ óò bá níbi tí wọ́n ti ń yáni: èyí tí a ń jókòó sórí rẹ̀, àti èyí tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó mú ti àkọ́kọ́. Ó fẹ̀, kì í tètè yí, omi tó bá sì ta sínú rẹ̀ á gba ihò jáde.

Ẹ gbé ọkọ̀ sínú omi títí yóò fi léfòó, kí ó dúró ní ìbú sí èbúté. Ẹ fi ìdí jókòó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Ẹ má ṣe dúró lórí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ìjókòó, kí orúnkún ká díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ sì kan ibi ìtẹsẹ̀. Ẹ di àjẹ̀ mú ní ọwọ́ méjì tó fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ, ẹ má fún un pa. Kì í ṣe apá ni a fi ń tukọ̀, ìbàdí àti ẹ̀yìn ni. Ẹ ki ojú àjẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ yí àyà padà kí omi lè ti ọkọ̀ lọ, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá dé ìbàdí. Tí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ fi àjẹ̀ òsì ya ìlàjì òbìrípo gbọọrọ lójú omi, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ ti àjẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe é lẹ́bàá èbúté kí ẹ tó lọ.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀wù ìlefòó á gbé yín dúró. Ẹ di ọkọ̀ mú, ẹ yí i padà síbi tó yẹ, kí ẹ dùbúlẹ̀ ní àyà sórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbá omi títí ìdodo yín yóò fi dé àárín ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yíra jókòó. Ẹ má pẹ́ nínú omi, ẹ má sì fi ṣeré, nítorí wọn ò gba ìwẹ̀ láàyè lórí Silver River. Inú ọkọ̀ ni ẹ óò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wákàtí àkọ́kọ́: ojú ìsun

Orí odò ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má sáré fi í sílẹ̀. Ojú ìsun tó tóbi jù níbẹ̀ ni Mammoth Spring. Láti òkè, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi, tí àwọ̀ aró ń ti ibẹ̀ yọ. Aró náà kì í ṣe ẹ̀tàn: omi tó mọ́ tó sì jìn máa ń gbé àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, àwọ̀ aró ló máa ń ṣẹ́kù padà sójú wa.

Àwọn ọkọ̀ onídìí gíláàsì ni ẹ óò bá níbí. Láti bí ọdún 1870 sókè ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbé àlejò káàkiri ojú ìsun yìí. Ẹ yà fún wọn, kí ẹ gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni ojú omi máa ń dọ́gba bíi jígí, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè dé.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín kẹ́kọ̀ọ́ kíkà omi níbẹ̀. Koríko tó tẹ̀ sọ́nà kan ń sọ ibi tí omi ń ṣàn gba. Iyanrìn tó ń hó lójú kan jẹ́ ìsun kékeré tó ń mí. Ẹ óò tún rí ibi tí ọ̀bẹ̀dò ti bo koríko bí òwú ìdọ̀tí. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà sóko àti sí ọgbà ilé, ìgbẹ́ ẹran, àti kòtò ìgbẹ́ ilé ni wọ́n ń wọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní nitrate wọnú ilẹ̀. Òjò á gbé e dé inú òkúta, ìsun á sì tú u jáde, ọ̀bẹ̀dò á máa fi ṣe oúnjẹ. Ó máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i. Ohun tí wọ́n dà síbi tó jìnnà sódò ló ń pa koríko odò.

Bí a ṣe ń wò

Ẹ tukọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ gbé àjẹ̀ lé itan, kí omi máa gbé yín lọ. Ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún nínú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tukọ̀ mẹ́wàá. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára jùyí lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Lórí odò yìí, ọgọ́rùn-ún yẹn ni ìfarabalẹ̀. Ní bí ogójì àkọ́kọ́, ẹ kò ní rí nǹkan. Láti ibẹ̀ lọ, ìtì igi á bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí.

Ẹ máa rìn létí bèbè tó ní òjìji, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ máa wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìsàlẹ̀ omi, ibi tí omi ti pàdé bèbè, àti orí igi. Ìsàlẹ̀ ni ẹja wà, títí kan gar, ẹja ẹlẹ́nu gígùn tó máa ń dúró gbọnrangandan bí ọ̀pá láìmira. Ní ojú bèbè, ẹ wo gbogbo ìtì igi tó bá wà nínú oòrùn. Ìjàpá odò máa ń tò sórí wọn, wọ́n á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ìgbóná tirẹ̀. Oòrùn ni wọ́n fi ń gbóná kí oúnjẹ inú wọn tó lè dà.

Lórí igi, ẹyẹ dúdú kan wà tó máa ń na ìyẹ́ méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá: anhinga ni. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í lé omi bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó máa ń gba omi, èyí ló jẹ́ kó lè rì lọ lépa ẹja, òun náà ló mú kó di dandan kó sára lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ, ẹ lè pè é ní ejò. Ẹ óò rí àkọ̀ ńlá aláwọ̀ eérú tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, àti àwọn ẹyẹ funfun tó jọ lékeléke. Bí ẹ bá gbọ́ igbe tó dà bí ti ẹni tó pàdánù èèyàn, ẹ má fòyà. Limpkin ni, ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jẹ ìgbín odò. Ẹ wá ẹyin ìgbín náà lára ẹsẹ̀ igi àti koríko, ní òkè ojú omi díẹ̀. Ibi tí ẹyin bá pọ̀ sí, limpkin kò jìnnà.

Tí ẹ bá rí ẹranko, ẹ má ṣe kọ orí ọkọ̀ sí i. Ohun tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹranko ni ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ, kí ẹ jẹ́ kí ìṣàn omi gbé yín súnmọ́ ọn. Ẹ fi àjẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, torí ojú àjẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà lókè ló máa ń lé ẹyẹ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹyẹ bá na ọrùn sókè, tàbí tó dáwọ́ jíjẹ dúró láti wò yín, ẹ ti súnmọ́ ọn jù. Bí ìjàpá àkọ́kọ́ bá já sómi, ẹ sún sẹ́yìn kí ìyókù má baà tẹ̀lé e. Oòrùn tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n nílò rẹ̀.

Àwọn gbajúmọ̀ odò: alligator, ọ̀bọ, mánátì

Alligator, ìbátan ọ̀nì, wà lórí odò yìí, ẹ sì máa rí i. Ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n: ojú méjì àti imú kan tó yọ lókè omi. Ìwọ̀n ínṣì tó wà láàrin ojú rẹ̀ àti imú rẹ̀ ló máa ń súnmọ́ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó gùn. Ínṣì 8, ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ fún un ní àyè bí ẹsẹ̀ bàtà 60 tí odò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí kò bá fẹ̀ tó, ẹ gba bèbè kejì kọjá láìdúró. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọ́ omi, ẹ má mú ajá wá. Òfin Florida kò gbà kí a bọ́ wọn. Alligator tó bá ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn kì í bẹ̀rù mọ́, pípa ló sì máa ń yọrí sí fún un. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni wọ́n ń gun ara wọn, ìyá wọn sì máa ń ṣọ́ ìtẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ má ti ọkọ̀ wọnú koríko bèbè lákòókò yẹn.

Ọ̀bọ máa ń bá ọ̀pọ̀ àlejò lójijì, torí Florida kọ́ ni ilé wọn. Éṣíà ni irú ọ̀bọ yìí, rhesus macaque, ti wá. Ní bí ọdún 1930 sókè ni awakọ̀ àwọn àlejò kan tó ń jẹ́ Colonel Tooey (orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Colonel, kì í ṣe oyè ológun) kó díẹ̀ sórí erékùṣù kan nínú odò náà kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè rí nǹkan wò. Kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n wẹ̀ gòkè, wọ́n sì ti di agbo nínú igbó. Wọ́n lè gbé kòkòrò àrùn herpes B, tó léwu gidigidi fún èèyàn. Bíbọ́ wọn lòdì sófin. Tí ẹ bá rí wọn lórí ẹ̀ka, ẹ wà láàrin odò, ẹ pa oúnjẹ mọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín fi eyín hàn wọ́n, nítorí ìpèníjà nìyẹn lójú wọn.

Mánátì, ẹranko ńlá inú omi tó ní ìrù pẹrẹsẹ, ni ọ̀wọ́n. Ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kó sì wúwo tó kílò 450, síbẹ̀ koríko ló ń jẹ. Kò lè pẹ́ nínú omi tó tutù ju ìwọ̀n 68 Fahrenheit lọ, ìdí nìyẹn tí ìsun fi di ibi ìsádi rẹ̀ nígbà òtútù. Lórí Silver River wọn kì í pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan, kó lọ sí Blue Spring nítòsí Orange City. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ omi ìsun ibẹ̀; orí afárá onípákó ni a ti ń wò wọ́n.

Bí ẹ bá rí òbìrípo dídán lójú omi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan bí ipa ẹsẹ̀, ìrù mánátì ló ṣe é. Ẹ dá àjẹ̀ dúró pátápátá. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún yóò yọ imú láti mí, tó bá ń sinmi ó lè pẹ́ tó 20. Ẹ má lé e, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fún un lómi tàbí oúnjẹ. Òfin àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Tó bá gba abẹ́ ọkọ̀ yín kọjá, ẹ kó ọwọ́ lé itan. Ọkọ̀ lè mì díẹ̀. Ẹ óò gbọ́ èémí rẹ̀ kí ẹ tó rí i, èémí gbígbóòrò bíi ti àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mi ò sì mọ ohùn mìíràn lórí omi tó ń tù mí lára tó o.

Ọ̀sán

Bèbè Silver River jẹ́ irà àti gbòǹgbò igi, kò sí ibi tó yẹ kí ẹ gúnlẹ̀ sí. Inú ọkọ̀ ni ẹ óò ti jẹun. Ẹ wá ibi tí odò ti yí, ní inú kọ́nà rẹ̀, níbi tí omi ti lọ́ra. Ẹ má di ẹ̀ka mú: agbọ́n àti ejò omi fẹ́ràn ẹ̀ka tó tẹ̀ sómi, ẹni tó bá sì na ọwọ́ mú ẹ̀ka nínú káyáàkì ló máa ń ṣubú jù. Oúnjẹ tí kò ní èérún ló dára, kí ẹ sì kó gbogbo pépà àti èèpo padà.

Bí máìlì kan sísàlẹ̀ orísun ni ibi tí Paradise Park wà nígbà kan. Ọdún 1949 ni wọ́n ṣí i, ọdún 1969 ni wọ́n sì tì í. Nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò gba àwọn adúláwọ̀ láàyè níbi ìgbafẹ́ Silver Springs, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá gbafẹ́, Eddie Vereen ló sì ń bójú tó o. Wọ́n ní èbúté tiwọn, wọ́n sì ní ọkọ̀ onídìí gíláàsì tiwọn. Igbó ti bo ibẹ̀ lónìí. Mo máa ń dá àjẹ̀ dúró tí mo bá dé ọ̀gangan náà. Omi kan náà ni àwọn tó wà lókè àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń wò.

Ìpadàbọ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè bá omi lọ dé òpin, kí ẹ gba Ocklawaha jáde sí èbúté Ray Wayside Park, tí ẹ bá ti fi mọ́tò kan sílẹ̀ níbẹ̀. Tàbí kí ẹ yí padà sí ibi tí ẹ ti gbéra. Ọ̀nà kejì ni mo ń gba ẹni tó bá ń lọ nígbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìgòkè odò ni ìpadàbọ̀ náà. Ẹ pín àkókò yín sí mẹ́ta: ìdá kan fún sísọ̀kalẹ̀, ìdá méjì fún gígòkè. Tí ẹ bá gbéra ní aago 9 tí ẹ sì fẹ́ wà ní èbúté ní aago 3, ẹ yí orí ọkọ̀ padà ní aago 11, ì báà jẹ́ pé ohun tó dára wà níwájú. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹ má gba àárín. Ìṣàn omi lágbára níbẹ̀. Ẹ rọ̀ mọ́ etí, ní inú kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ oníjìnì wà lórí odò náà, wọ́n ní láti máa rọra lọ láìdá ìgbì, síbẹ̀ ẹ yà fún wọn sápá ọ̀tún.

Bí ọwọ́ bá rẹ̀ yín, ẹ dín agbára kù, ẹ má dúró. Ọkọ̀ tó bá dúró á sọ̀kalẹ̀ padà. Ẹ óò sì rí i pé bèbè tí ẹ ti wò láàárọ̀ kì í ṣe bèbè kan náà mọ́: oòrùn ti bọ́ sí òdìkejì, àwọn ìtì igi tó ṣófo ní aago 9 ti kún fún ìjàpá.

Ní èbúté, ẹ kọ́kọ́ gbé àjẹ̀ jáde, kí ẹ yí ìdí sí èbúté, kí ẹ fi ọwọ́ ti ara yín dìde nígbà tí ẹlòmíì bá di ọkọ̀ mú. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tiyín ni, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ yọ gbogbo koríko tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó gbé e lọ sí odò mìíràn, kí irúgbìn àti ìgbín àjèjì má baà tẹ̀lé yín dé ibẹ̀. Ẹ pe ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nílé pé ẹ ti kúrò lórí omi. Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ rí i àti kọ́nà tí ó wà. Ìtì igi tí ìyá otter gùn lọ́jọ́ yẹn ṣì wà nínú ìwé tèmi, kọ́nà kẹta sí ọwọ́ òsì, aago 10 kọjá ogún ìṣẹ́jú.